Èènì Máàkì Kan

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹfà
Ilé ẹ̀kọ́ wa ti ya wèrè. A, B àti C kò tó wọn mọ́, wọ́n ti kó plọ́ọ̀sì àti máínọ́ọ̀sì tì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́. 83 sí 86, B. 87 sí 89, B+. 90 sí 92, A–. Láti 93 lọ sókè, A gidi, tí kò ru ẹrù kankan. Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń jókòó, dúró níwájú pátákó ìkéde, ó ń béèrè bóyá inú A– dùn tàbí inú rẹ̀ bà jẹ́.

Tèmi ò ṣẹ̀rín. A– nínú ìṣirò ni mo nílò kí n tó lè wọ ẹgbẹ́ tó máa ṣojú wa níbi ìdíje. Ẹni tó bí mi ló sì ń kọ́ wa ní ìṣirò. Nílé, Bàámi. Ní kíláàsì, "sà". Nínú ìwé yìí, Ọ̀gá Yúníìtì – torí tó o bá gbàgbé láti kọ mítà tàbí kílò sẹ́yìn ìdáhùn rẹ, máàkì kan ti lọ nìyẹn. Kì í wojú ẹnikẹ́ni.

Ìṣẹ́gun, 4
Ìdánwò. Mo rò pé mo ṣe dáadáa. Mo rò.

Ọjọ́ Ajé, 10
89. B+. Máàkì kan péré!

Ẹlẹ́rìn-ín náà gba 89. Ṣùgbọ́n lórí ìwé tirẹ̀, wọ́n ti fagi lé 89, wọ́n kọ 90. A–. Àṣà Ọ̀gá Yúníìtì nìyẹn: ẹni tí máàkì kan bá dí lọ́nà, á fún un ní èènì. Àwa mẹ́ta la gba 89. Àwọn méjì rí èènì gbà. Wá wo ẹni tó kù!

Màámi ń ránṣọ, pín-ìnnì kún ẹnu rẹ̀. Ó ní ẹnu ayé ni bàbá mi ń sá fún, kí wọ́n má báa ní ó ń ṣojúsàájú fún ọmọ rẹ̀. Mo ní ṣé torí ẹnu ayé ni kí n ṣe jìyà? Ó yọ pín-ìnnì lẹ́nu. Ó ní kí n lọ bá a, òun kọ́ lòun ni bírò pupa.

Ọjọ́rú, 12
Bàámi ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì. Mo ní, "Bàámi, èènì mi dà?" Ó ní kò sí èènì fún ẹni tó ń jẹun nílé òun. Mo ní ó dáa, kí ẹlòmíì tún ìwé mi máàkì.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó béèrè bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú ju orúkọ mi lọ. Ó wò mí títí, ó ní kò burú. Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ti jó.

Ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú. Ó tọ́ sí i.

Ẹtì, 14
Ìgbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ – Ìgò Méjì, bá a ṣe ń pè é – ló gba ìwé mi. Wọ́n fi bébà bo orúkọ mi. Mo ti ń ronú bàtà tí màá wọ̀ lọ síbi ìdíje.

Àìkú, 16
Bàámi kò jẹun tán. Mo bá a jẹ ẹran rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 17
86. B. Kò sí plọ́ọ̀sì, kò sí nǹkan kan.

Ìgò Méjì pe èmi àti Bàámi sí ọ́fíìsì. Ó fìka tọ́ka sí ìbéèrè keje: ibi mẹ́ta ni mi ò ti kọ yúníìtì. Ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni bírò pupa ti ní ó tọ̀nà. Bàámi gbójú sókè, ó ń wo àjà. Ó ní ojú òun ò ríran dáadáa lọ́jọ́ náà. Ìgò Méjì bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó nà án sí i.

Mo lọ sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ti áńkáṣíìfù gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Kò rẹ́rìn-ín rárá.

Nígbà tá à ń lọ sílé, Bàámi gba báàgì mi gbé lójú gbogbo kíláàsì. Ẹni tí kì í jẹ́ ká jọ rìn! Ó ní òun ò mọ ìgbà tí ọwọ́ òun ṣe é, ọjọ́ tí mo béèrè èènì lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí. Mo gbà á gbọ́.

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń bínú torí èènì kan. Mẹ́ta ti wà lọ́wọ́ mi.