Àgbò Tí Ọ̀gá Pa fún Wa

Jẹ́dà, Jánúárì 1991

Ìyá Aasiyah,

Ara mi le. Má jẹ́ kí ogun inú rédíò já ọ láyà. Jẹ́dà jìnnà sí i. Ọ̀gá ti ní kí n wa ọkọ̀ omi lọ bá àwọn ṣójà lápá àríwá. Tí mo bá bọ̀, á gba ìwé ìgbélùú fún mi.

Lánàá ó pa àgbò fún àwa awakọ̀, láìsí ọdún. O rántí bàtálíọ̀nù wa, àwa akọni tí wọ́n ń kọ́kọ́ tì síwájú nígbà ogun Bìáfírà? Ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n bá pa màlúù fún wa, ogun ńlá dọ̀la. Àwọn yòókù ń jẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Bá mi kí Aasiyah. Sọ fún un pé bàbá rẹ̀ jẹ ẹran yó.

Jamaldeen