Kókò Inú Báàgì Mi

Ìyá mi ní Savai'i, Samoa,

Ara mi le, ẹ má ṣàníyàn. Báàgì àgbékọ́yìn tuntun tí mo ya àwòrán rẹ̀ ti délé iṣẹ́ wa ní Auckland. Ká tó tà á, mo gbọ́dọ̀ kó ẹrù sí i, kí n máa gbé e wọkọ̀ ojú irin fún oṣù kan, ká lè mọ̀ bóyá okùn rẹ̀ máa já. Iyanrìn làwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ ń dì sí tiwọn. Kókò ni mo dì sí tèmi, ó pọ̀ tó èyí tí gbogbo ẹbí wa máa ń jẹ lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ọ̀gá mi, Murray, rẹ́rìn-ín. "Sieni, ẹ̀yin mélòó lẹ fẹ́ jẹ gbogbo eléyìí?"

Mo ní, "A pọ̀ díẹ̀."

Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ti kọjá, èmi nìkan ni mò ń jẹun níbí. Okùn báàgì náà ò já rárá. Kókò ti ń hu ewé nínú ẹ̀.

Ẹ bá mi kí gbogbo ẹni tó bá jókòó ti oúnjẹ lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ọmọ yín,
Sieni