Eyín Alhaja Lára Náílọ̀n

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn iṣẹ́

Alhaja tó ń ta àtíẹkẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n kọ́ ní Abíjàn, tún dá iṣẹ́ mi padà lónìí. Ojú wọn tó ń rẹ́rìn-ín ni mo yà sórí kọ̀ǹpútà fún náílọ̀n tó ń fi inú hàn tí wọ́n fi ń dì í.

Nígbà tí a kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan wò, funfun kan bíi pátákó bo oúnjẹ inú rẹ̀. Mo gbàgbé funfun tó wà lẹ́yìn àwòrán. Lójú kọ̀ǹpútà, funfun àti òfìfo ò yàtọ̀.

"Ẹni tó fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ rí i," Alhaja wí.

Ni mo bá fi ìbínú pa gbogbo funfun rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, a tún tẹ òmíràn. Wọ́n da àtíẹkẹ́ sí i, wọ́n wò ó títí.

"Eyín mi dà?"

Eyín ti bá funfun lọ. Àtíẹkẹ́ ló kún ẹnu wọn.

Wọ́n ní àwọn á gbé iṣẹ́ náà lọ sí Òṣogbo. Kò ní í dé Òṣogbo. Mo ti fi àwọ̀ ewé sẹ́yìn àwòrán, kí funfun kankan má lè fara pamọ́ fún mi mọ́, mo sì ń yọ funfun tí kì í ṣe eyín lọ́kọ̀ọ̀kan. Eyín ti padà sẹ́nu.

Mo ti kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi pé kí n yọ àwọ̀ ewé náà kí n tó tẹ̀ ẹ́.