Méje Tí Ẹ̀rọ Fò Kọjá

                                        Ọ́fíìsì Ìwádìí,
                                        Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Kejì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn Ńlá.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹta.

Aládùúgbò mi ọ̀wọ́n, ẹni tí ògiri kan péré pààlà láàárín wa nílé ẹ̀kọ́,

Báwo ni o? Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dun ọkọ rẹ ti san, àbí ó ṣì ń fi ẹ̀yìn dídùn náà sá fún abọ́ fífọ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé àbúrò ti ga ju ẹ̀gbọ́n lọ. Má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n gbọ́ pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Ara èmi le, àwọn ará ilé mi náà wà dáadáa, a dúpẹ́. Ẹni tí mo fẹ́ béèrè jù ni Màmá, ìyá rẹ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n sí ìgbẹ̀yìn ni, nítorí pé tiwọn gan-an ni mo torí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí, ẹ̀rù sì ń bà mí láti bẹ̀rẹ̀.

Nínú lẹ́tà tí o kọ kẹ́yìn, o ní Màmá ti ń dìde lórí àga bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, pé wọ́n á kọ́kọ́ di tábìlì mú, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á wá bínú sí tábìlì. O ní wọn kò lọ sí ilé ìwòsàn mọ́ láti oṣù tó kọjá, torí pé òòyì ń kọ́ wọn lójú ọ̀nà. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Mo tún ka ibi tábìlì yẹn sétí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Láti àná, mo ti wá ẹ̀rín náà tì.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún ọ. N ó rọra sọ ọ́, torí mo mọ̀ pé ìwọ àti nọ́ńbà kì í jẹun nínú abọ́ kan náà. O rántí pé èmi ni mo mú Màmá wọ inú ìwádìí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ilé ìwòsàn wa ń ṣe. Àwọn kan ń lo oògùn àtijọ́, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Àwọn kan, bíi Màmá, ń lo tuntun, ẹ̀ẹ̀kan péré. A fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn tuntun ń mú èèyàn ṣubú ju ti àtijọ́ lọ. Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó ti kọ̀ǹpútà, kí n ṣírò rẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn kan kì í padà wá sọ bí ara wọn ṣe rí. Àyè wọn á ṣófo. A kò lè jù wọ́n nù bí ẹni pé wọn ò sí rárá, a kò sì lè fi ẹnu ara wa sọ ohun tó ṣe wọ́n. A máa ń ní kí kọ̀ǹpútà fi àbá dí àwọn àyè náà. Á wo ọjọ́ orí ẹni náà, á wo bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń ru, á wo àwọn tó jọ ọ́, á wá ní ẹni yìí lè ti ṣubú, ẹni tọ̀hún lè máà ṣubú. Nítorí pé àbá lásán ni, a kì í jẹ́ kó dá a lẹ́ẹ̀kan. Ogún ìgbà ló máa dá a, lógún ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Á ṣírò lórí ìkọ̀ọ̀kan, á sì pa ogún ìdáhùn náà pọ̀ di ẹyọ kan. Bí ogún bá fẹnu kò, ọkàn wa á balẹ̀. Bí wọ́n bá ń bá ara wọn jà, a ó mọ̀ pé a kò mọ̀.

Àmọ́ ẹnu kọ̀ǹpútà yẹn kì í dákẹ́. Fún ìkọ̀ọ̀kan nínú ogún, á tẹ gbogbo ohun tó ṣe jáde, látorí ìkíni dórí ìdágbére. Ìwé náà nípọn débi pé ọ̀gá wa, Dókítà àgbà, fi di ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wọn mú kí afẹ́fẹ́ má baà tì í. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ tó fẹ́ pinnu lórí oògùn náà kò ní ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ojú ìwé kan ṣoṣo ni àwọn fẹ́. Bí mo ṣe kọ́ kọ̀ǹpútà ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nìyẹn. Mo ní kó má tẹ nǹkan kan jáde àfi ìdáhùn àpapọ̀. Mo tún ní, bí ọ̀kan nínú ogún bá fún un ní ìṣòro, kó fò ó kọjá, kó máa bá iṣẹ́ lọ, kó má fi ìkìlọ̀ dà mí láàmú. Ojú ìwé kan jáde, ó mọ́ tónítóní: kò hàn pé oògùn tuntun ń mú èèyàn ṣubú ju ti àtijọ́ lọ. Dókítà àgbà bọ̀ mí lọ́wọ́. Òní ni ìgbìmọ̀ máa fọwọ́ sí i, kí gbogbo aláìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń wá sọ́dọ̀ wa lè bẹ̀rẹ̀ sí í lo tuntun lọ́jọ́ Ajé.

Àná ni Dókítà àgbà ní lẹ́tà ojú ìwé náà ti kéré jù, pé àgbà tó ń gbàgbé awò ojú sílé ló kún inú ìgbìmọ̀. Mo padà lọ mú un tóbi. Mo gbàgbé láti fi ọ̀rọ̀ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn sí i, ni kọ̀ǹpútà bá la ẹnu, ó ro tẹnu ẹ̀ tán pátá. Ní ìsàlẹ̀, mo rí i pé ìdáhùn mẹ́tàlá péré ló pa pọ̀. Ó ti fo méje kọjá nínú ogún. Ọmọ tí a bá ń ní kó dákẹ́ ṣáá, bí ilé bá ń jó, kò ní sọ fúnni.

Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo ṣí àwọn méje náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ṣubú nínú àwọn tó ń lo oògùn àtijọ́. Gbogbo àwọn tó ṣubú pátá, tuntun ni wọ́n ń lò. Ìyàtọ̀ náà pọ̀ débi pé ìṣirò tí mo ní kó ṣe kò rí iye tó máa pè é, ló bá fẹsẹ̀ kọ. Èmi ni mo sì ti sọ fún un pé ohunkóhun tó bá fẹsẹ̀ kọ, kó fò ó. Aládùúgbò, kì í ṣe méje kan ṣáá ló fò. Àwọn tó ní ìròyìn búburú jù ló kó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó wá jẹ́ kí àwọn tó kù jókòó síbi ìpàdé.

Mo pa ojú kọ̀ǹpútà dé bí ẹni tó bo ìkòkò, mo tún ṣí i, méje ṣì ni. O mọ ìdí tí ẹ fi sọ mí ní Sáré-wọlé nílé ẹ̀kọ́: bí ewé bá já lásán, mo ti wà lábẹ́ ibùsùn. Àná, mi ò rí ibi tí mo lè sá wọ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn obìnrin ni mo lọ jókòó sí. Kì í ṣe iṣẹ́ mi tó lè bọ́ ni mo ń rò. Orúkọ kì í sí nínú àkọsílẹ̀ wa, nọ́ńbà nìkan ni, torí náà mi ò mọ èyí tó jẹ́ Màmá. Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé wọn kò lọ sí ilé ìwòsàn mọ́. Èyí ni pé Màmá wà nínú àwọn àyè tó ṣófo. Ogún ìgbà ni kọ̀ǹpútà ti dá àbá nípa wọn, mi ò sì mọ ohun tó sọ nípa wọn nínú méje tí mo ní kó fò.

Láàárọ̀ yìí, mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Mo lo ìṣirò mìíràn tí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í gbé ṣubú, mo sì jẹ́ kí ogún pé. Ìdáhùn tó jáde kò sọ pé oògùn tuntun burú. Kò sì sọ pé ó dára. Ó ní ó lè máà sí nǹkan kan, ó sì lè jẹ́ pé ó ń dá èèyàn wó gan-an. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù, torí mi ò tíì rí ìgbìmọ̀ tó fẹ́ràn kí wọ́n sọ fún un pé a kò mọ̀.

Mo mú un lọ bá Dókítà àgbà kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Mo fi ìwé náà há abẹ́ apá wọlé. Wọ́n rò pé mo tún kó ìwé tó nípọn yẹn dé ni. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìgbìmọ̀ ò ní ka ìwé rẹpẹtẹ."

Mo ní, "Ojú ìwé kan náà ni, sà. Ìlà kan ni mo fi kún un."

Wọ́n ka ìlà náà, pé méje nínú ogún kò sí nínú ìdáhùn àkọ́kọ́, àti ìdí tí kò fi sí. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọn kò nù ún, wọ́n kàn dì í mú. Wọ́n wá rọra béèrè pé, "Ta ló tún mọ̀?"

Mo ní èmi nìkan. Wọ́n pa ojú ìwé méjèèjì, ti àkọ́kọ́ àti ti òní, pọ̀ sínú fáìlì kan, wọ́n wọ yàrá ìpàdé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Mi ò mọ èwo ni wọ́n máa kà. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, wọ́n ti dúró tì mí rí, ṣùgbọ́n mo rí ojú wọn, ẹ̀rù ń ba àwọn náà. Kò sí ohun tí ẹni tí ẹ̀rù ń bà kò lè ṣe; èmi ni kí o bi.

Orí bẹ́ǹṣì tó wà níta ilẹ̀kùn náà ni mo ti ń kọ èyí lórí itan mi, torí náà má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Mo pè ọ́ títí, fóònù rẹ kò lọ. Awakọ̀ ilé ìwòsàn ń lọ sápá ọ̀dọ̀ yín, òun ni n ó fi lẹ́tà yìí rán. Mo ń gbọ́ ohùn wọn nínú. Ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́rìn-ín, mi ò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Jọ̀wọ́, má sọ pé kí Màmá dédé dá oògùn náà dúró. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò lo oògùn sí, ewu ńlá ni, mo sì ń bẹ̀rù ìyẹn náà. Lọ bá nọ́ọ̀sì àdúgbò yín lónìí, kó wá wọn bí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe ń ru ní ìjókòó àti ní ìdúró, kó sì bá dókítà wọn sọ̀rọ̀. Títí tó fi máa dé, bí Màmá bá fẹ́ dìde, ì báà ṣe lórí ibùsùn, ì báà ṣe lórí àga, kí ẹnì kan di ọwọ́ wọn mú. Tábìlì kò tó.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí àwọn ọmọ, kí o sì kúnlẹ̀ kí Màmá fún mi. Fi èsì rán awakọ̀ yìí kan náà, má jẹ́ kó gùn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ní kí kọ̀ǹpútà dá àbá nípa àwọn tí kò padà wá. Ìwọ nìkan ni mo mọ̀ tó ń bá ọ̀kan nínú wọn gbé inú ilé kan náà. Ṣé Màmá ti ṣubú? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá ti tó.

                                        Èmi ni tìrẹ,
                                        Sáré-wọlé,
                                        tí kò tíì sá.