Omi Tó Ń Dà sí Màmá Lára Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú eruku Ṣakí. Mo kí Bàbá, mo kí Bọ̀dá mi àti ìyàwó wọn, mo kí gbogbo ìyá Àsàlátù. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú Òyìnbó, níbi tí òtútù kì í jẹ́ kí ikọ́ sinmi.

Ẹ má bínú pé gbangba ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Ẹ̀yin lẹ fà á. Ìgbàkígbà tí mo bá dárúkọ ìtọ̀ lórí fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ṣakí á bàjẹ́ lójijì. Bí mo bá tún pè tí mo béèrè iṣu, á mọ́ kedere. Lẹ́tà kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mi ò sì ní dárúkọ yín.

Nígbà tí mo wálé wá túnu ààwẹ̀ ni mo fura. Bàbá ń sọ bí ewúrẹ́ ṣe jẹ fìlà Lèmọ́mù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ dákẹ́, ẹ fún ẹsẹ̀ pọ̀, ẹ rọra rìn lọ sẹ́yìnkùlé. Ẹ pààrọ̀ ìró, ẹ ní omi ló dà sí yín lára. Omi wo, Màmá? Nínú ẹ̀ẹ̀rùn Ṣakí, tí kànga gbẹ, tí a ń fi kẹ́ẹ̀gì ra omi? Mo mọ irọ́ yẹn, torí èmi náà ń pa á níbi iṣẹ́ nígbà náà.

Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú. Bí mo bá gbé ìyá kan dìde, ìtọ̀ tèmi á yọ jáde. Èmi tí mò ń pààrọ̀ ìlédìí fún wọn, èmi náà wọ ìlédìí. Mo máa ń dá jókòó nígbà oúnjẹ kí ẹnikẹ́ni má gbóòórùn mi. Ojú tì mí gan-an.

Ọjọ́ tí mo lọ rí dókítà, mo ti tọ̀ kí n tó wọlé, bí ọmọlúàbí. Àṣé wọ́n fẹ́ kí àpò ìtọ̀ mi kún ni! Mo mu omi, mo dúró, wọ́n ní kí n wá wúkọ́. Mo wú ikọ́ tí a fi ń kan ilẹ̀kùn àgbà. Wọ́n ní kí n wú u dáadáa. Ó dà sílẹ̀. Kí n tó mọ̀, mo ti kúnlẹ̀, mò ń bẹ̀ wọ́n. Wọ́n rò pé mo ṣubú, wọ́n sáré pe nọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo ṣàlàyé, dókítà ní ohun tí òun fẹ́ rí gan-an nìyẹn.

Wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi bí mo ṣe máa fún ìsàlẹ̀ ara pọ̀, bí ẹni ń dá ìtọ̀ dúró. Ó dín in kù, kò tán an. Ni wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ. Wọ́n gé iṣan pẹlẹbẹ kan nínú ikùn èmi fúnra mi, wọ́n fi gba ojú ọ̀nà ìtọ̀ ró, bí ọ̀já ṣe ń gba ìdí ọmọ ró. Nígbà tí mo jí, ìtọ̀ tó ń sáré tẹ́lẹ̀ kọ̀, kò jáde mọ́! Wọ́n fi rọ́bà fà á fún ọjọ́ díẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ń béèrè rẹ̀ bí ẹni ń retí àlejò. Ó dùn mí o, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo ti ń wúkọ́ bí olóyè báyìí.

Ẹ máa ń sọ pé ohun tí ọmọ bíbí ń fi sílẹ̀ fún obìnrin nìyẹn. Màmá, wọ́n ń sọ pé ẹ̀ ń bá Ìyá Àdínì jà ni ẹ ò ṣe lọ Àsàlátù mọ́. Mo mọ̀ pé àlùwàlá tí ẹ̀ ń tún ṣe ló sú yín. Ó dùn mí dénú egungun. Mo ti bá ìyàwó Bọ̀dá sọ ọ́, òun ni yóò tẹ̀lé yín lọ rí dókítà ní Ìbàdàn. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni wọ́n ń fi abẹ kàn, ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n wò yín. Ẹ má tọ̀ kí ẹ tó wọlé o. Bó bá sì dà, ẹ má kúnlẹ̀.

Ọlọ́run á lọ́ra ẹ̀mí yín, á fún yín ní àlàáfíà. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Bí ara yín bá ti dá, ẹ ní kí Bàbá tún ìtàn ewúrẹ́ yẹn sọ, kí ẹ pè mí. Mo fẹ́ gbọ́ kí ẹ rẹ́rìn-ín dé òpin.

Èmi ni ọmọ yín, tí omi kì í dà sí lára mọ́.