Mo Ti So Wáyà Dúdú Mọ́lẹ̀ Bí O Ṣe Wí

Hukkaperä, oṣù Kejìlá

Saimi ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òtútù. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé o ń wọ ìbọ̀sẹ̀ tí mo hun fún ọ? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o yọ̀ ṣubú lórí yìnyín Helsinki. Ara tèmi le, àfi orúnkún, ológbò sì ń sanra ní tirẹ̀, kò bìkítà fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ sọ. O ní o ò ní wá ṣe Kérésì nílé àfi tí mo bá fi iná ńlá kún iwájú ọkọ̀, nítorí àgbọ̀nrín tó já lu ọ̀nà mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá. Mo ti ra iná náà, méjì, wọ́n tóbi bí àwo ọbẹ̀. Mo sì rántí gbogbo ohun tí o sọ lórí fóònù: kí n fa iná láti orí bátìrì, kí n fi fíúsì sí i nítòsí bátìrì níbẹ̀, kí n sì so wáyà dúdú mọ́lẹ̀.

Fíúsì ni mo kọ́kọ́ bá jà. Ọmọkùnrin tó ń tà á ní iṣẹ́ fíúsì ni kí ó yọ́ bí iná bá pọ̀ jù. Mo ní ṣé èmi àgbàlagbà yìí ló fẹ́ rẹ́ jẹ, ta ló ń ra ohun tí yóò yọ́? N ò rà á. Mo so iná láìsí i, lọ́jọ́ kejì wáyà fi ara ha irin, ló bá ń rú èéfín, awọ rẹ̀ yọ́ dànù, ìbọ̀wọ́ ni mo fi já a kúrò lórí bátìrì. Ìgbà yẹn ló yé mi pé nǹkan kan gbọ́dọ̀ yọ́, bí kì í bá ṣe fíúsì, a jẹ́ pé ọkọ̀ ni. Mo padà lọ rà á, mo ra wáyà tuntun, mo sì bẹ ọmọ ọlọ́mọ.

Ó wá ku ilẹ̀. Saimi, ilẹ̀ ti dì bí òkúta! Àáké ni mo fi gé e níbi ebè ọ̀dùnkún tí bàbá rẹ fi sílẹ̀, mo bu ú kún garawa onírin, mo gbé e síbi ẹsẹ̀ èrò iwájú, mo sì ri wáyà dúdú mọ́ ọn títí ó fi kan ìsàlẹ̀. Iná tàn! Mo pariwo ayọ̀. Àmọ́ bí mo bá ti yà ní kọ́nà, iná á kú, bí ọ̀nà bá tún tọ́, á tàn. Mo ní òùngbẹ ló ń gbẹ ilẹ̀, mo sì ń bomi rin ín, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́.

Ní kọ́nà oko Bàbá Räty ni iná ti kú pátá, àgbọ̀nrín sì nìyẹn láàárín títì. Mo tẹ bíréèkì tagbára tagbára. Ó wò mí, ó rọra rìn lọ. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi, nítorí ìjókòó rẹ ni mo ń wò.

Bàbá Räty sáré jáde, ó rí garawa, ó ní Ìyá Saimi, ṣé inú ọkọ̀ lẹ ti fẹ́ máa gbin ọ̀dùnkún ni? Mo ní ilẹ̀ iná ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú. Ó ní ara irin ọkọ̀ gan-an ni wọ́n ń pè ní ilẹ̀, pé garawa tó ń fara kan irin ìjókòó ló ń tan iná, bó bá sì ti sún kúrò ní kọ́nà, iná á kú, kì í ṣe ọ̀dùnkún mi. Ó ha ọ̀dà kúrò lára irin, ó de wáyà mọ́ ọn pẹ̀lú nọ́ọ̀tù. Láti ìgbà náà, iná kò ṣẹ́jú mọ́. Àmọ́ gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ti ń pè mí ní Ìyá Onílẹ̀.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra fíúsì sílẹ̀, iye tí wáyà lè gbé nìkan, Bàbá Räty ní n kò gbọdọ̀ fi èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ sí i. Ọlọ́run yóò máa tàn sí ọ̀nà rẹ. Ohun burúkú kò ní já lu ọ̀nà mọ́ ọ lọ́wọ́.

Bí o bá dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin, iná tó bá fẹ́ fọ́ ọ lójú, èmi ni. N ò da ilẹ̀ inú garawa nù o. Òkè kẹfà ni o ń gbé, o sì ní o kì í rí oorun sùn dáadáa níbẹ̀. Wàá gbé e lọ, kí ìwọ náà lè ní ilẹ̀ tí o so mọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Martta