Àwọn Ẹja Onírù Wíwọ́

Ilé Kẹrìnlá, Òpópónà Adágún,
Yatomi, Japan.
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹfà, Ọdún 2019.

Wakui, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń gbé ọ gun àtẹ̀gùn tẹ́ńpìlì? Ìyàwó rẹ Fusae ńkọ́, àti àwọn ọmọ-ọmọ? Ẹ kú òjò yìí o. Ó ti di ọjọ́ kẹsàn-án tí aṣọ mi kò gbẹ níbí. Ara mi le, àfi etí òsì tó ń di díẹ̀díẹ̀. Mo dúpẹ́ fún tíì tí ẹ fi ránṣẹ́. Mo ti mu ún dé ìdajì.

Ọ̀rọ̀ Nagumo Shiho ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Jọ̀wọ́, má ká lẹ́tà yìí pa dà sínú àpò rẹ̀.

O rántí pé ọmọ yàrá ìwádìí mi ni, ní ọdún márùndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Ìrù ẹja aláwọ̀ wúrà ni iṣẹ́ wa nígbà náà: báwo ni ẹja tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ní ìrù kan ṣe di onírù méjì? Jíìnì kan wà tó ń pààlà sí ara ọmọ ẹja nígbà tó ṣì wà nínú ẹyin, tó ń sọ pé ẹ̀yìn nìyí, ikùn nìyí. Mo ti kọ ọ́ jáde pé agbára jíìnì náà kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà, pé díẹ̀díẹ̀ ló ń relẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, tí a bá mú onírù kan àti onírù méjì bímọ, ó yẹ kí a rí àwọn agbedeméjì láàárín àwọn ọmọ-ọmọ wọn: àwọn tí ìrù wọn wọ́, tí kò jẹ́ ọ̀kan, tí kò sì pé méjì.

Àyè kò sí ní yunifásítì, nítorí náà a ń sin àwọn ẹja náà nínú adágún Tarui, ọkùnrin kan tó ń sin ẹja tà ní Yatomi níbí. Shiho a wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ wá kà wọ́n. Ó ka ẹja tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, kò rí onírù wíwọ́ kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀, èmi fúnra mi ti rí wọn láàárín ìwọ̀nba tí mo sìn ní yàrá iṣẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́sàn-án.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fura sí i. Bí ó bá lọ jẹun, n ó yọ́ wo ìwé rẹ̀. Bí ó bá rẹ́rìn-ín lórí fóònù, n ó rò pé èmi ló ń fi ṣẹ̀sín. Mo rí i pé tàdáwà kan náà ló fi kọ ojú ewé mẹ́ta, mo ní ìjókòó kan ló fi hun gbogbo rẹ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun lọ sí Yatomi; mo ní ọwọ́ mi dí. Ìwọ pàápàá, tí a jọ ṣe ìdájọ́ rẹ̀ ní yunifásítì, ní kí a kọ́kọ́ lọ wo adágún náà. Èmi ni mo ní kò pọn dandan, tí mo ń ti ìwé ìdájọ́ sí ọ níwájú títí o fi tẹ èdìdì rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. A kọ ọ́ pé ó yí iye ẹja pa dà, wọ́n sì lé e. Oṣù mẹ́ta ló kù kí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún tó kọjá, mo lọ ra ẹja lọ́wọ́ Ìyá Tarui, ìyàwó ọkùnrin ẹlẹ́ja náà. Ọkọ rẹ̀ ti kú; òun náà ti pé ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Ó lóṣòó ti abọ́ funfun kan, ó ń fi ṣíbí pẹlẹbẹ ṣa ọmọ ẹja.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ jókòó, ẹ má sì kiwọ́ bọ omi mi o. Ọwọ́ ìwé ò bá ẹja lára mu."

Mo bi í pé kí ló ń ṣà.

"Àwọn onírù wíwọ́ ni. Àbí ẹ fẹ́ kí n gbé irú èyí fún oníbàárà? Kí wọ́n máa sọ pé ilé Tarui ti bàjẹ́?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kú sí mi lẹ́nu. Mo bi í nípa àwọn tó ń gbé fún ọmọbìnrin yunifásítì nígbà kan.

"Tiyín? Àwọn yẹn ni mo tiẹ̀ ṣà jù! Bàbá ilé ní ẹ fẹ́ onírù kan, ẹ fẹ́ onírù méjì. Ta ló dárúkọ onírù wíwọ́ fún mi? Ẹja tó ń lọ sí yunifásítì, kí n wá kó ìdọ̀tí sí i? Kí ọmọ yẹn tó bọ́ nínú ọkọ̀ ojú irin, mo ti ṣà á mọ́ tónítóní."

Wakui, ṣé o mọ ohun tí mo ṣe? Mo tún fura. Mo ní bóyá Shiho ló kọ́ ọ lọ́rọ̀. Ìyá àgbà tó ń bu tíì fún mi ni mo ń fura sí! N kò sọ ìdí fún un. Mo kàn bẹ̀ ẹ́ pé kí ó mú onírù kan àti onírù méjì bímọ, kí àwọn ọmọ wọn náà sì yé ẹyin ní ìgbà ìrúwé yìí sínú adágún méjì. Kí ó ṣa ọ̀kan bí ìṣe rẹ̀, kí ó má fọwọ́ kan èkejì. Mo fi àwọ̀n bo èkejì, mo ti àgádágodo mọ́ ọn, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé ẹja ara mi lẹ rò pé mo fẹ́ jí?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Mo kà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Nínú adágún tó ṣà, kò sí onírù wíwọ́ kankan. Nínú èyí tí mo tì, ọ̀kan nínú mẹ́sàn-án ni. Ọ̀rọ̀ mi lórí jíìnì náà tọ̀nà látìgbà náà, òun gan-an ló sì ń dùn mí jù. Kì í ṣe òtítọ́ ni mo ń wá lọ́jọ́ tí mo lé ọmọ yẹn. Iye tó kà fẹ́ ba ìwé mi jẹ́, mo sì fẹ́ kí ó jẹ́ òpùrọ́.

Ìlú Ogaki ni Shiho wà báyìí, ó ń bá wọn dán omi ẹ̀rọ wò. Mo lọ bá a ní Sátidé tó kọjá. Kò yọ ṣéènì ẹnu ilẹ̀kùn.

"Ṣé dókítà ní ẹ máa tó kú ni?"

Mo ní rárá.

"Kí ló wá dé? Ìwé wo lẹ tún fẹ́ kí n fọwọ́ sí?"

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró, nínú òjò, mo sì kúnlẹ̀, mo foríbalẹ̀. Kò sunkún.

"Ẹ dìde jàre, àwọn ará àdúgbò ń wò wá. Ìyá Tarui! Ó máa ń di ìrẹsì fún mi láràárọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ má jẹ́ kó gbọ́ ohun tó tìdí ẹ̀ yọ o." Ó wá wò mí láti òkè délẹ̀. "Ẹnu kọ́ lẹ fi lé mi, Ọ̀jọ̀gbọ́n, ìwé ni. Ẹ gbé ìwé wá."

Mo béèrè ní yunifásítì. Wọ́n ní àwọn méjèèjì tó tẹ èdìdì sí ìdájọ́ náà ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ sí ìwé tí yóò fagi lé e. Ìwé náà wà nínú àpò yìí. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo tì ọ́ dé ibẹ̀, mo sì ti tẹ èdìdì mi.

Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi orúkọ rẹ sọ gbọ̀ngàn tuntun nígbà ìwọ́wé. Mo sì fura, dárí jì mí, pé wàá ní kí a jẹ́ kí ìyẹn kọjá ná. Nítorí náà, má fi ìwé náà ránṣẹ́ pa dà. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, n ó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ. Mo ti pe Fusae, ó ní ẹ kò lọ síbì kankan. Shiho ń bá mi bọ̀. Ó ní òun kò gba àwa méjèèjì gbọ́, pé ẹ̀gbẹ́ rẹ gan-an lòun yóò dúró sí nígbà tí o bá ń tẹ̀ ẹ́.

Bá mi kí Fusae àti gbogbo ilé. Kí ó má ṣe wàhálà oúnjẹ. Shiho ti ní òun kò ní jẹ nǹkan kan.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́, bí o bá ṣí ilẹ̀kùn, bí o kò sì ṣí i,

Isobe Kanji